Baba Mẹ́ta, Kò Sí Ẹrú: Kíláàsì Látìnì Ìlú Mẹ́ta

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ojú mi ṣì ríran, tí kò jẹ́ kí iyè mi ra. Mo dúpẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀ yìí, mo sì dúpẹ́ eyín tó ṣẹ́kù tí mo fi jẹ ẹ́. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyìn fún Un, nítorí pé bí kì í bá ṣe ti Rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Òṣogbo ni ìtàn tèmi ì bá parí sí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ọmọ ọmọ mi Títílọpẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Yunifásítì ló wà, ọ̀rọ̀ àti ìtàn àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ń kọ́ níbẹ̀. Mo yọjú wò ó, mo rí olùkọ́ mẹ́ta lójú ẹ̀rọ náà, oníkálùkù nínú ihò tirẹ̀, bí ẹyẹlé inú àgò.

"Mama, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà o," ó ní. "Kò sí èyí tó mọ Látìnì àtijọ́ tán nínú wọn, ni wọ́n bá pa ìmọ̀ pọ̀, kí gbogbo wa lè jọ máa gbọ́ ọ. Ohun tuntun ni."

"Tuntun," ni mo wí.

Ó wo ojú mi. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Mo fa gíláàsì mi wálẹ̀, mo sì ka ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà sókè bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kà á. Ọmọ náà pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ló kọ́ mi. Àtìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Òun ló ní kí n sọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin yòókù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ń wí yìí, a ò tíì pẹ́ gba òmìnira. Eruku ni ọ̀nà tó ti Ìkìrun kọjá sí Inísà, tó fi já Òkukù. Ẹ ò lè dúró ní ìta kí ọkọ̀ kórópe kékeré wá gbé yín bí ẹ ti ń ṣe báyìí. Ẹsẹ̀ ni, tàbí kẹ̀kẹ́, tàbí ojú irin. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago wa. Bí ọkọ̀ tó ń ti Òṣogbo bọ̀ bá fọn fèrè ní òwúrọ̀, ìyá mi á gbé ìkòkò ka iná. Bó bá fọn nígbà tó ń padà bọ̀ láti apá Ọ̀fà, ẹni tó wà lóko á mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti máa di ẹrù. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí etí mi má gbọ́ fèrè kankan, bó bá sì fọn, àwọn ọmọ kéékèèké á sáré jáde bí ẹni rí egúngún lọ́sàn-án.

Ilé ìwé ìjọ wà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Látìnì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ọ kò pọ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dé, gbogbo ènìyàn fẹ́ di dókítà. Ní Inísà tiwa, bí ẹni méjì bá ṣàìsàn, Pásítọ̀ Ìdòwú tó ń kọ́ wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá àga sọ̀rọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ìkìrun lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọláòyè, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní Òkukù lọ́dọ̀ Míìsì Adéoyè. Ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó lẹ́yìn ìsìn kan, wọ́n ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláòyè mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ dé gbòǹgbò. Pásítọ̀ mọ bí a ṣe ń tú èdè kan sí òmíràn, nítorí pé ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn òyìnbó ìjọ. Míìsì Adéoyè ti gbé ìlú òyìnbó, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe eré orí ìtàgé. Wọ́n wá ń gba ọwọ́ ara wọn kọ́ wa. Ẹ ó máa gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláòyè láti ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa, ẹ ó sì mọ̀ pé ọjọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo wa máa ń pàdé, lónìí ní ìlú yìí, lọ́jọ́ mìíràn ní ìlú ọ̀hún. Ilé ìwé tó bá gbàlejò ló ń se oúnjẹ. Ẹ̀wà ni ti Ìkìrun. Iṣu sísun àti epo ni tiwa. Òkukù máa ń fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ̀ débi pé a ò ní lè gbé orí sókè ní ọ̀sán.

"Látìnì tí ẹ ti mọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ," Ọ̀gbẹ́ni Ọláòyè sọ fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. "Èyí tí mo gbé wá yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀ ni. Ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, òun ló bí èkejì."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ mọ gbogbo nǹkan nípa àwọn ará Róòmù tó ń sọ ọ́. Ṣé wọ́n ń pọn omi lódò? Kí ni ìyàwó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀? Bí ọmọ bá kú, ṣé wọ́n ń sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Málọmọ́? Súnmọ́nù, ọmọ mùsùlùmí láti Ìkìrun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló béèrè bóyá wọ́n ń jẹ iṣu.

"Wọn ò mọ iṣu," ni olùkọ́ wí. "Ọkà bálì ni wọ́n ń jẹ, àti ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà, sà? Ará Ìkìrun ni wọ́n nìyẹn."

Ní ọjọ́ kan àwọn olùkọ́ wa fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù ń kọ sára ibojì àwọn bàbá wọn hàn wá. Orúkọ baba, orúkọ baba baba, ogun tí ó ṣẹ́, ìlú tí ó gbà, ìwà rẹ̀. A wo ara wa. Ẹnì kan ní, "Oríkì nìyí o." Pásítọ̀ Ìdòwú, tí kì í fẹ́ kí a máa ki ènìyàn ní ọgbà ìjọ, bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó sì ní, "Oríkì ni, lóòótọ́." Mi ò gbàgbé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dà bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ẹnu ò sin lára ohun tí kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé wa ránṣẹ́ pé àwọn ò lè máa sanwó olùkọ́ mẹ́ta nítorí ọmọ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò wá sí Òkukù ní ọjọ́ tí a ó pín ẹ̀bùn ọdọọdún, kí àwọn fi ojú ara àwọn rí ohun tí a ń ṣe. Bí kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, Látìnì parí nìyẹn ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá mi gbọ́. Kápẹ́ńtà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi obìnrin ti kúrò ní ilé ìwé nígbà náà; ohun tó jẹ́ kí bàbá mi fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ ni pé Pásítọ̀ ti sọ fún wọn pé Látìnì yìí lè gbé mi dé yunifásítì. Wọ́n pè mí sí ìdí pákó.

"Nítorí Látìnì ni o ṣe ṣì wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Bó bá lọ, ìwọ náà á lọ bá àǹtí rẹ ní Òṣogbo. Ìránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú."

"Ẹ̀n, bàbá," ni mo wí. Kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ nípa àwọn ará Róòmù yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ jẹun lọ.

Míìsì Adéoyè ní eré ni ká ṣe. Eré àtijọ́ kan wà tí a ti ń kà: baba arúgbó kan tó lówó, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ onínàákúnàá, àti ẹrú ilé tó gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ. Ìkìrun gba ìbẹ̀rẹ̀, Inísà gba àárín, Òkukù gba ìparí. A ó jọ so ó pọ̀ ní àwọn ọjọ́ Sátidé. Òjò ọdún yẹn ló ba ètò jẹ́. Odò Ọ̀tìn kún, ọ̀nà di ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò lè kọjá. Ìpàdé Sátidé dúró. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan wá ń kọ́ àwọn tirẹ̀ ní ilé, wọ́n sì ní kí a pín ipò láàárín ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan kí n tó lọ síwájú. Ogun ti jà ní agbègbè yìí láyé àwọn baba ńlá wa, ó sì le. Wọ́n kó ènìyàn lọ, wọ́n kó ènìyàn bọ̀. Nígbà tí ogun tán, àwọn tí wọ́n kó wá kò lọ mọ́, wọ́n bímọ, ọmọ wọn bímọ, gbogbo rẹ̀ di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ sí ọmọ ẹlòmíràn, kódà bí a bá ń jà. Ní ilé tiwa gan-an, a kì í dárúkọ rẹ̀ rárá. Ìyá baba bàbá mi, ogun ló gbé wọn dé Inísà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Bí àgbà bá dákẹ́ lójijì tí ọmọdé bá wọlé, ọmọdé tó ní etí á mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Nítorí náà, ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọkùnrin ló fẹ́ ṣe baba. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ẹrú. Ní Inísà, Jídé ló ṣe baba, èmi ni mo jókòó sórí àga tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ẹrú látinú ìwé kí eré má bàa dúró. Ọkàn wa balẹ̀ pé ìlú mìíràn ni yóò mú ẹrú wá. Àṣé bí Ìkìrun ṣe rò nìyẹn. Àṣé bí Òkukù ṣe rò nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Èrò kún ọgbà ilé ìwé ní Òkukù, aṣọ ọjọ́ Àìkú ni gbogbo òbí wọ̀. Àwọn àlejò jókòó ní iwájú, olórí wọn jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ní yàrá tí a ti ń múra, mo rí Jídé pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú. Mo rí Súnmọ́nù, irùngbọ̀n òwú ló wà ní àgbọ̀n òun náà. Dérìn ti Òkukù wọlé, ti òun gùn dé àyà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin bàbá mi," ni Súnmọ́nù wí. "Ẹrú dà?"

"Ṣebí ìwọ ni," ni Dérìn dáhùn.

"Ta ló sọ fún ọ? Ìkìrun ò bí ẹrú."

"Òkukù ló wá bí i?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Jídé. Jídé di irùngbọ̀n rẹ̀ mú. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbangba, n ò ní ilé tí n ó wọ̀ lálẹ́ òní."

Àwọn olùkọ́ wọlé bá wa. Ọ̀gbẹ́ni Ọláòyè wo irùngbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rín pa á. Nígbà tó yé e, ẹ̀rín náà kú. Ó fara balẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, ibi ò ju ibi. Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ."

"Òwe yẹn dára, sà," ni Súnmọ́nù wí, "ṣùgbọ́n bàbá mi ló jókòó síta, kì í ṣe òwe."

Pásítọ̀ ní kí òun ṣe é. Míìsì Adéoyè mi orí. "Bí olùkọ́ bá ṣe é, wọ́n á ní àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n wá wò gan-an nìyẹn." Níta, èrò ti ń pàtẹ́wọ́ pé àkókò ti tó.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi dúró lábẹ́ igi furúùtù, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn tì í, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi ṣe ìyàwó. Mo pa ojú mi dé, mo gbàdúrà ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n fún mi ní fìlà ẹrú, àti ìwé eré tí n ó máa kà.

Pásítọ̀ mọ ilé wa. Ó mọ ohun tí a kì í sọ. Ó fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá rẹ wà níta."

"Mo rí wọn, sà."

"O mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ jáde?"

"Bí n kò bá ṣe é, Òṣogbo ni, sà. Bí mo bá sì ṣe é, ó lè jẹ́ Òṣogbo náà ni. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣe é."

Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Látìnì ni à ń sọ, Pásítọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ṣe ògbufọ̀ bí ìgbà tó ń tú ìwàásù. Nígbà tí Súnmọ́nù fẹ́ pè mí ní ẹrú fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ́kọ́ wo ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Pásítọ̀ náà fà á díẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Mi ò wo apá ibi igi furúùtù.

Ṣùgbọ́n ẹrú inú eré yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọ baba arúgbó ń jẹ àsè lẹ́yìn ilé, ẹrú ń sọ fún baba pé ààwẹ̀ ló gbà, pé àdúrà ló ń gbà fún ẹ̀mí gígùn bàbá rẹ̀. Baba ní ariwo wo ni òun ń gbọ́ yẹn. Ẹrú ní ẹ̀mí ló gbé e. Àwọn Aládùúrà tó wà láàárín èrò ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń gbàdúrà èké fún ọ̀gá mi, Pásítọ̀ ń tú u: "Kí Ọlọ́run fún bàbá wa ní ẹ̀mí gígùn." Gbogbo ọgbà dáhùn, "Àmín." Olórí àwọn àlejò náà ṣe àmín kó tó rántí pé eré ni. Inú baba arúgbó wá dùn débi tó fi búra pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, òun yóò dá ẹrú òun sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ibi tí a dé nìyẹn tí òjò fi sú láti apá Ìjàbẹ́. Kò tilẹ̀ kìlọ̀ kó tó rọ̀. Èrò fọ́n ká, wọ́n gbé àga sórí, Dérìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde dúró lójú ìtàgé tí omi ń ro lára òwú rẹ̀, kò sì rí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún. Lábẹ́ òrùlé, olórí àwọn àlejò nu ojú rẹ̀, ó sọ fún àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n máa bá a lọ, àwọn yóò tún padà wá wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Míìsì Adéoyè jókòó sílẹ̀ lórí àpótí.

Kíláàsì ti yè. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ bóyá mo yè.

Nígbà tí òjò dá, bàbá mi ní ká máa lọ. Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́, wọn ò ní kí n gùn ún. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹrẹ̀ ń fa bàtà mi. Àwọn ará Inísà tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ń ní, "O ṣe é dáadáa o." Bàbá mi ń dá wọn lóhùn pé "ẹ ṣeun". Mo ti ń ronú ohun tí n ó dì sínú àpò lọ sí Òṣogbo. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kí bàbá mi tó bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹrú yẹn," ni wọ́n wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

"Ẹ̀n, bàbá."

"Baba arúgbó yẹn ṣèlérí fún un. Ṣé ó dá a sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Apá ti Òkukù ni ìparí. A ò tíì kà á."

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, wọ́n wo ojú ọ̀nà tí a gbà wá. "Ẹrú ní baba," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ọ̀nà ló jìn."

Mo fa bàtà mi yọ nínú ẹrẹ̀.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, padà lọ," ni wọ́n wá sọ fún mi. "Kà á dé ìparí. Bí o bá ti mọ̀, wá sọ fún mi."

Mo lọ. Mo kà á, ó pẹ́ díẹ̀, nítorí Látìnì tó ń ti oko bọ̀ kì í yára rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kà á tán, mo bá bàbá mi ní ìdí pákó, wọ́n ń fá a lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé arúgbó náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó dá a sílẹ̀ níwájú gbogbo ará ilé. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku pákó kúrò ní ojú wọn, wọ́n ní, "Ọpẹ́ ni." Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run tó mú mi dé ìparí ìwé mú ìwọ náà dé ìparí ohun tí o bẹ̀rẹ̀. Kí òjò má dá eré rẹ dúró ní àárín. Bí ọ̀nà àwọn tìrẹ bá jìn, kí Ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ bá wọn dé ilé. Àmín.